Bébà 11:02: àyẹ̀wò ẹ̀rọ tó ń ṣírò àkókò triathlon

Bébà kékeré kan ṣì wà nínú Bíbélì ìyá mi títí di òní. Èmi ni mo kọ ọ́ fún wọn lálẹ́ ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù keje ọdún 2023, kí wọ́n lè mọ ìgbà tí wọn yóò máa retí mi lọ́jọ́ kejì níbi ìdíje triathlon tí a máa bẹ̀rẹ̀ ní 8:00: omi, 8:36, kẹ̀kẹ́, 10:05, eré sísá, 11:02. Ẹ̀rọ ìṣírò kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì ló bá mi ṣe é. Ìyá mi wá láti Abẹ́òkúta wá kí wa ní Slough nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọn ò sì fojú kan irú eré yìí rí. Bí aago ṣe di 8:36 tí orí mi ò yọ nínú omi, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, wọ́n ń bọ̀ létí adágún. Nígbà tó fi máa di 8:40, wọ́n ti so gèlè wọn mọ́ ìbàdí, wọ́n ń lọ bá àwọn ẹ̀ṣọ́ omi pé kí wọ́n bá àwọn wá ọmọ àwọn. 8:43 ni mo jáde.

Ìṣẹ́jú méje péré. Ṣùgbọ́n ìyá tó mọ̀ pé ọmọ òun wà nínú omi kì í ka ìṣẹ́jú bí èmi àti ẹ̀yin ṣe ń kà á. Èyí tó kù lórí bébà náà tún yẹ̀ ju ti omi lọ. 11:02 kọjá, 11:20 kọjá, àwọn ẹlòmíì ń wọlé, wọ́n ń fi mẹ́dà kọ́ wọn lọ́rùn. Bàbá Dámi ń sọ pé, "Ẹ fọkàn balẹ̀, Mà, ó ń bọ̀." Wọ́n ní kó sọ ibi tí mo wà, kò lè sọ. 11:41 ni mo kọjá ìlà. Ìyá mi gbá mi mú pẹ̀lú gbogbo òógùn ara mi, wọ́n ní, "Àbẹ̀kẹ́, ojú mi rí màbo lónìí. Ìwọ lo kọ 11:02 fún mi."

Èmi ni lóòótọ́. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń yẹ ẹ̀rọ ìṣírò yìí wò finnífinní. Mo ti lò ó fún ọdún méjì báyìí, mo sì fẹ́ sọ ohun tó dára lára rẹ̀ àti ibi tó ti ń ṣi èèyàn lọ́nà. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Àwọn tó jọ ọ́ pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìwà kan náà ni gbogbo wọn ń hù. Bí ẹ bá ti lo ọ̀kan rí, ẹ ó dá a mọ̀.

Fún ẹni tí kò bá mọ triathlon: omi ni wọ́n kọ́kọ́ ń wẹ̀, wọ́n á jáde gun kẹ̀kẹ́, wọ́n á sọ̀ sáré, aago kan náà ló sì ń ka gbogbo rẹ̀ láìdúró. Ní San Diego, ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n ti ṣe èyí tí wọ́n kọ́kọ́ pe orúkọ náà ní 1974, ó sì wọ inú Òlíńpíìkì ní Sydney ní 2000. Ìwọ̀n tí wọ́n ń lò ní Òlíńpíìkì ni mo ṣe: omi mítà 1,500, kẹ̀kẹ́ kìlómítà 40, eré sísá kìlómítà 10. Dorney Lake nítòsí Windsor ni mo ti ṣe é, adágún gígùn tí wọ́n gbẹ́ fún ọkọ̀ wíwà, níbi tí wọ́n ti wa ọkọ̀ ìdíje Òlíńpíìkì 2012. Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bí àtẹ́lẹwọ́.

Ẹ̀rọ náà rọrùn láti lò, ẹ jẹ́ kí n yìn ín lórí ìyẹn. Ọ̀fẹ́ ni, kò gba ímeèlì yín, ó sì ń ṣiṣẹ́ lórí fóònù tí kò lówó lórí. Ẹ ó mú irú ìdíje tí ẹ fẹ́ ṣe, ẹ ó kọ ìṣẹ́jú tí ẹ fi ń wẹ ọgọ́rùn-ún mítà, ìyára kẹ̀kẹ́ yín láàárín wákàtí kan, àti ìṣẹ́jú tí ẹ fi ń sá kìlómítà kan. Kíá ló máa gbé àpapọ̀ wá. Mo kọ ìṣẹ́jú 2 àti àáyá 24 fún omi, kìlómítà 27 fún kẹ̀kẹ́, ìṣẹ́jú 5 àti àáyá 42 fún eré. Ó dá mi lóhùn: wákàtí 3, ìṣẹ́jú 1, àáyá 53. Mo sọ ọ́ di wákàtí 3 àti ìṣẹ́jú 2 lórí bébà ìyá mi. Wákàtí 3 àti ìṣẹ́jú 41 ni mo fi parí. Ìṣẹ́jú 39 ló sọnù láàárín ẹ̀rọ àti èmi, mo sì ti wá gbogbo rẹ̀ rí.

Mẹ́sàn-án nínú rẹ̀ kò le láti rí. Bí èèyàn bá jáde nínú omi, ó máa sáré lọ síbi kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó máa bọ́ aṣọ rọ́bà tó lẹ̀ mọ́ ọn lára, ó máa dé akoto, ó máa wọ bàtà. T1 ni wọ́n ń pe ìyẹn. T2 ni èyí tó wà láàárín kẹ̀kẹ́ àti eré sísá. Ìṣẹ́jú 6 ni mo lò ní T1, torí pé aṣọ rọ́bà náà há mọ́ mi ní kókósẹ̀ tí ọwọ́ mi sì ti kú fún òtútù. Mo lo 3 ní T2. Ẹ̀rọ náà ní àpótí fún méjèèjì, àmọ́ ìsàlẹ̀ pátápátá ló fi wọ́n sí, lábẹ́ ìpolówó ọjà, ó sì ti kọ òdo síbẹ̀ kí ẹ tó dé. Mi ò rí wọn. Ẹni tó ń ṣe irú ẹ̀rọ yìí mọ̀ dájú pé kò sẹ́ni tó lè fi òdo pààrọ̀ aṣọ. Kí ló dé tí kò fi ìṣẹ́jú mẹ́rin tàbí márùn-ún síbẹ̀ fún ẹni tí kò mọ̀?

Omi ló kàn. Ìṣẹ́jú 2 àti àáyá 24 tí mo kọ kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n inú ibi ìwẹ̀ olómítà 25 ni mo ti wọ̀n ọ́n. Ìgbà mọ́kàndínlọ́gọ́ta ni mo lè fẹsẹ̀ ti ògiri nínú mítà 1,500 níbẹ̀. Ìyẹn tó láti sọ ẹni tí kò yára di ẹni tó yára. Ìlà dúdú wà nísàlẹ̀ tí mo ń tẹ̀ lé, kò sì sẹ́ni tó ń ta mí nípàá. Ní adágún, kò sí ògiri, kò sí ìlà. Mo ní láti máa gbórí sókè wo bọ́ọ̀lù ńlá tó léfòó lọ́ọ̀ọ́kán kí n lè mọ̀ bóyá mo ń lọ tààrà. Aago ọwọ́ mi ní mítà 1,640 ni mo wẹ̀. Mítà 140 tí kò sẹ́ni tó rán mi! Bẹ́ẹ̀, aṣọ rọ́bà ń ranni lọ́wọ́, ó ń gbé ẹsẹ̀ léfòó kó má fa èèyàn sẹ́yìn. Ká ní mi ò wọ̀ ọ́ ni, ǹ bá pẹ́ ju ìṣẹ́jú 43 lọ.

Kò sí ohun tí omi kò lè ṣe sí àkókò. Níbi Òlíńpíìkì Paris ní 2024, odò Seine ń ṣàn gan-an lọ́jọ́ náà, àwọn ògbóǹtarìgì ayé ń jà fitafita láti wẹ̀ lòdì sí i, wọ́n sún mọ́ ògiri etí odò níbi tí agbára rẹ̀ ti dín. Alex Yee ọmọ Bìrìtìkó gba góòlù níbẹ̀ ní wákàtí 1, ìṣẹ́jú 43, àáyá 33. Ní Tokyo ṣáájú ìgbà náà, 1:45:04 ni Kristian Blummenfelt ọmọ Norway fi gba tirẹ̀. Ìwọ̀n kan náà ni lórí bébà, àmọ́ omi ọ̀tọ̀, ojú ọjọ́ ọ̀tọ̀, ọ̀nà ọ̀tọ̀. Èmi kì í fi àkókò ibì kan díwọ̀n ti ibòmíì mọ́. Àwọn yẹn tún láǹfààní láti gun kẹ̀kẹ́ sẹ́yìn ara wọn kí ẹni iwájú máa gba afẹ́fẹ́ fún wọn. Nínú ìdíje wa, àwa tí a ń ṣe é lẹ́yìn iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́, ìyà ń bẹ fún ẹni tó bá sá sẹ́yìn ẹlòmíì.

Ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ ló dùn mí jù, torí pé mo rò pé mo mọ̀ ọ́n. Kìlómítà 27 láàárín wákàtí kan, aago mi ló sọ ọ́ lẹ́yìn gbogbo ìgbà tí mo bá gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Maidenhead àti àgbègbè rẹ̀. Ohun tí mi ò fiyè sí ni pé bí mo bá ti dúró níbi iná ojú títì, aago náà ń dá ìkà dúró. Gbogbo ìsinmi tí mo ń ṣe nídìí iná pupa, kò sí nínú ìṣírò, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi ti jẹ àǹfààní rẹ̀. Ní ìdíje, kò sí iná pupa.

Afẹ́fẹ́ wá dé. Nítorí pé Dorney tẹ́ pẹrẹsẹ, mo rò pé ibi ìrọ̀rùn ni. Kò sí igi tó pọ̀, kò sí ilé, afẹ́fẹ́ ń gba orí adágún wá láìsí ohun tó dí i lọ́wọ́. A máa ń yí po lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ̀gbẹ́ kan afẹ́fẹ́ kọjú sí ẹ, ẹ̀gbẹ́ kejì ó ń tì ẹ́ lẹ́yìn. Èrò mi ni pé ohun tó bá gbà lọ́wọ́ mi níhìn-ín, ó máa san án padà lọ́hùn-ún. Kò rí bẹ́ẹ̀, mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi ṣe ìṣírò náà, torí òun ló là mí lójú. Ká ní ìyára mi jẹ́ 20 lójú afẹ́fẹ́, tó sì jẹ́ 32 bó bá ń tì mí. Ẹ̀rọ á fi méjèèjì pọ̀, á pín in sí méjì, á ní 26, kìlómítà 40 á wá di ìṣẹ́jú 92. Ṣùgbọ́n kìlómítà 20 ní ìyára 20 jẹ́ wákàtí kan gbáko, kìlómítà 20 yòókù ní ìyára 32 sì jẹ́ ìṣẹ́jú 37 àti ààbọ̀. Àpapọ̀ wọn jẹ́ ìṣẹ́jú 97 àti ààbọ̀. Ibi tó le ni èèyàn ti ń pẹ́ jù, ìyẹn ló fi jẹ́ pé ibi tó rọ̀ kò lè tán gbèsè náà. Òkè náà bẹ́ẹ̀ ni: ohun tí gígùn rẹ̀ bá gbà, sísọ̀ rẹ̀ kì í dá gbogbo rẹ̀ padà. Ẹni tó bá sì fẹ́ fi agbára gba ìṣẹ́jú rẹ̀ padà lọ́wọ́ afẹ́fẹ́ máa jìyà, torí bí ìyára bá di ìlọ́po méjì, agbára tí afẹ́fẹ́ ń béèrè di ìlọ́po mẹ́jọ. Ìṣẹ́jú 98 ni mo lò lórí kẹ̀kẹ́ lọ́jọ́ náà.

Ẹ̀rọ náà ní ibi tí wọ́n ti ń sanwó, tó máa ń bi yín nípa òkè àti afẹ́fẹ́. Mo sanwó oṣù kan. Ó dára ju ti ọ̀fẹ́ lọ, pàápàá fún ọ̀nà olókè, ṣùgbọ́n ta ló mọ afẹ́fẹ́ ọjọ́ Sunday láti ọjọ́ Monday?

Eré sísá ló jẹ ìṣẹ́jú 14, òun ló pọ̀ jù. Mo ti sá kìlómítà 5 ní ìṣẹ́jú 28 àti ààbọ̀ rí ní páàkì láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan tí òtútù díẹ̀ ń mú, ara mi dá ṣáṣá. Ẹ̀rọ náà kàn fi méjì sọ ọ́ di púpọ̀, ó pè é ní 57. Bí mi ò tilẹ̀ fọwọ́ kan kẹ̀kẹ́ lọ́jọ́ náà, 57 kò ṣeé ṣe. Peter Riegel, ẹnjiníà ọmọ Amẹ́ríkà, ti gbé ìlànà kan jáde láti 1977 tí àwọn sárésáré ṣì ń lò: bí ọ̀nà bá gùn, àárẹ̀ máa ń fi nǹkan díẹ̀ kún un. Bí a bá fi ìlànà rẹ̀ ṣe é, ìṣẹ́jú 28 àti ààbọ̀ fún kìlómítà 5 máa di nǹkan bí 59 àti ààbọ̀ fún 10. Kí a tó wá sọ ti ẹsẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́, tó wúwo bí ẹni pé ti ẹlòmíì ni. Kí a tó sọ ti oòrùn. Ó mú lọ́jọ́ náà, omi kan ṣoṣo ni mo gbé sórí kẹ̀kẹ́, mo mu ìdajì rẹ̀. Láti kìlómítà kẹfà ni mo ti ń rìn díẹ̀, tí mo ń sáré díẹ̀. Ìṣẹ́jú 71.

Oòrùn kò mọ akọni. Ní 2016, ní Cozumel ní Mẹ́síkò, Jonny Brownlee ọmọ Bìrìtìkó ló wà níwájú gbogbo ayé nígbà tí ìdíje triathlon kan fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Ara rẹ̀ kọ̀, ó ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Alistair ló gbá a mú lápá títí dé ìlà. Kí ni ẹ̀rọ kankan ì bá kọ fún un ní ìṣẹ́jú mélòó kan ṣáájú?

Aago ọwọ́ mi náà máa ń sọ àsọtẹ́lẹ̀, ó ń fojú díwọ̀n bí ọkàn mi ṣe ń lù. Ìṣẹ́jú 55 ló ní mo máa fi sá kìlómítà 10. Ti ẹni tó sùn dáadáa tó sì jẹun nìyẹn, kò kan triathlon. Mi ò wò ó mọ́.

Ẹni tó sọ òtítọ́ fún mi kì í ṣe ẹ̀rọ. Bàbá kan wà ní ẹgbẹ́ wa tó ti ń ṣe eré yìí kí n tó kọ́ ìwẹ̀ rárá. (Ọmọ ọdún 41 ni mí nígbà tí mo kọ́ ọ. Kò sí ọ̀kan nínú àwa ọmọ ìyá mi tí wọ́n jẹ́ kó ki ẹsẹ̀ bọ odò Ògùn.) Nígbà tí mo ń sọ ìṣòro mi fún un, ó bi mí ní ìbéèrè mẹ́ta. Níbo ni mo ti wọn ìwẹ̀ mi? Ṣé aago mi ń dúró bí mo bá dúró? Ìgbà mélòó ni mo ti sáré kété tí mo sọ̀ lórí kẹ̀kẹ́? Mo dáhùn. Ó ní, "Ìwọ náà ì bá máa retí nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta àti ogójì ìṣẹ́jú." Kò tẹ nǹkan kan lórí fóònù.

Agbẹ̀bí ni mí. Lójoojúmọ́ ni mò ń bá àwọn aláboyún ṣírò ọjọ́ ìkúnlẹ̀, ọ̀sẹ̀ 40 láti ìgbà tí wọ́n rí nǹkan oṣù kẹ́yìn. Kò sí èyí tí mo sọ fún rí pé ọjọ́ náà gan-an ni. Mo máa ń ní láti ọ̀sẹ̀ 37 sí 42, kó múra sílẹ̀, torí àwọn tó ń bí lọ́jọ́ náà gan-an kò tó nǹkan. Mo mọ èyí dunjú nídìí iṣẹ́ mi, síbẹ̀ mo gba 3:01:53 lọ́wọ́ ẹ̀rọ tọkàntọkàn, torí ó kọ ọ́ gàdàgbà pẹ̀lú àáyá. Ẹ̀sùn tó wúwo jù tí mo ní sí i nìyí. Ohun tí kò lè mọ ìṣẹ́jú ń fi àáyá han èèyàn. Ká ní ó kọ "láàárín wákàtí 3 sí 3 àti ogójì ìṣẹ́jú" ni, ìyá mi ì bá jókòó jẹ́ẹ́ mu tíì wọn.

Mi ò pa á tì, nítorí ibì kan wà tó ti wúlò fún mi gan-an. Ẹ lè lò ó láti ẹ̀yìn wá síwájú: ẹ sọ àkókò tí ẹ kò gbọdọ̀ kọjá, ó máa sọ ìyára tí ẹ nílò. Ọ̀rẹ́ mi kan ń múra Ironman tó gùn, omi mítà 3,800, kẹ̀kẹ́ kìlómítà 180, eré kìlómítà 42. Níbi tirẹ̀, bí wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 20 bá pé tí èèyàn ò tíì jáde nínú omi, wọ́n máa dá a dúró. Ẹ̀rọ náà ní ìṣẹ́jú 3 àti àáyá 41 fún ọgọ́rùn-ún mítà ni òpin rẹ̀. Ẹ̀rù ti ń bà á láti ìgbà pípẹ́, ó rí i pé òun ń wẹ̀ ní 3 àti àáyá 5 nínú adágún, ó sunkún lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nínú mọ́tò. Fún irú iṣẹ́ yẹn, mo fún un ní ìràwọ̀ márùn-ún.

Ní 2024, mo padà sí Dorney. Lọ́tẹ̀ yìí, adágún ni mo ti wọn ìwẹ̀ mi, ìṣẹ́jú 2 àti àáyá 45. Mo pa ìdúró aago, kìlómítà 25 ló kù nínú 27 tí mo ń yangàn. Mo gun kẹ̀kẹ́ kìlómítà 30, mo sọ̀, mo sá 5 lójú ẹsẹ̀, mo lo ìyẹn fún eré sísá, mo tún fi ìṣẹ́jú díẹ̀ kún un fún oòrùn. Mo kọ 5 sí T1, 3 sí T2. Ẹ̀rọ kan náà, kò yí padà rárá: wákàtí 3 àti ìṣẹ́jú 32. Èmi fúnra mi ló fi ìṣẹ́jú méje ṣáájú rẹ̀ àti mẹ́tàlá lẹ́yìn rẹ̀. Mo fún ẹ̀rọ náà ní ìràwọ̀ mẹ́ta lápapọ̀. Bí wọ́n bá gbé àpótí T1 àti T2 wá sókè, tí wọ́n sì yọ àáyá kúrò, màá sọ ọ́ di mẹ́rin.

Ìyá mi wà ní Abẹ́òkúta lọ́dún yẹn. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn níbí, aago wa àti ti Nàìjíríà dọ́gba, ìyẹn rọrùn fún wọn. Mo fi ohùn ránṣẹ́ sí wọn lórí WhatsApp lálẹ́ ọjọ́ Sátidé pé, "Mà, láti 11:25 títí di 11:45. Ẹ má wo aago kó tó di 11:45." 11:29 ni mo kọjá ìlà. Bàbá Dámi pè wọ́n lójú ẹsẹ̀, ó ní kí n gba fóònù. Mo gbọ́ ariwo orógùn nínú ìkòkò. Wọ́n ní, "O ti dé? Mo ṣì ń ro àmàlà lọ́wọ́."